Ọkọ̀ Ìgbòkun tí Wọ́n Fi Ìrókò Wa Kàn

Ní ọdún tí bàbá mi lò kẹ́yìn láyé, kì í béèrè oúnjẹ, kì í béèrè oògùn. Ọkọ̀ ló ń béèrè. "Ìyá mi," ni yóò wí, nítorí pé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi, "bá mi wá ọkọ̀ yẹn. Ibi tó bá wà ni kí o ṣáà sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ta ló ń wá ọkọ̀ ojú omi ní Kétu? Àgbàdo àti gbágùúdá ni tiwa. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ní oko wọn ní Idigny, ìdí ìrókò kan ni wọ́n bo ìwọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà ni ilé ẹni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé òkú ẹni padà sí. Nígbà tó wá di ọ̀dọ́, tó ń ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, òyìnbó kan wá láti Àjàṣẹ́, ìlú etí ọ̀sà, ó ń wá igi tí omi kì í jẹ. Bàbá mi ló mú un lọ sí ìdí ìrókò náà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ara rẹ lo fẹ́ gé yẹn." Bàbá mi fi rẹ́rìn-ín, ó sì gé igi náà.

Ó bá igi náà lọ sí Àjàṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó kan ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja o. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òpó kan dúró gbọnrangandan láàárín rẹ̀ tí wọn yóò ta aṣọ ìgbòkun sí. Òyìnbó náà ní òun yóò wà á gba orí òkun lọ sí ìlú òun. Kí wọ́n tó tì í sómi, ìròyìn ikú ìyá bàbá mi dé, ó sì padà wálé. Kò fojú kan ọkọ̀ náà mọ́. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìrìn àjò, bàbá mi á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ dé Kútọ̀nú lẹ̀ ń fọ́nnu. Èmi wà lórí òkun." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn ni ẹ̀rín tán, tó ní òun kò mọ ibi tí wọn yóò gbé òun padà sí.

Mo bá wọ takisí, ó di Àjàṣẹ́. Mo béèrè títí ẹnu fi gbẹ mí. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ará Kétu, ṣé orí ebè iṣu lẹ fẹ́ wa ọkọ̀ sí ni? Nígbà tó yá, wọ́n júwe ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà fún mi. Ó mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Ó ní àìsàn ṣe òyìnbó yẹn, wọ́n fi bàlúù gbé e lọ, kò sì padà wá. Oníṣòwò kan ra ọkọ̀ náà, ó fi ń gbé àlejò rìn lórí ọ̀sà lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí oníṣòwò náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pa á tì sí etí omi, ìgbòkun ya, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́, ìyá?"

Ó nawọ́ sí ààrò rẹ̀. "Mo ti fi yan ẹja tán, ọmọ mi. Ó jó pẹ́. Igi gidi ni."

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹja etí ọ̀sà yẹn ni wọ́n ń kó wá sí ọjà wa. Èmi fúnra mi ti fi se ọbẹ̀ fún bàbá mi. Ìyá náà rí ojú mi, ó bi mí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó lọ yọ pákó ọkọ̀ náà kan ṣoṣo tó kù, tó tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e fún mi.

Orí itan mi ni mo gbé e lé títí dé Kétu. Ojú bàbá mi kò ríran mọ́ nígbà yẹn. Ó fọwọ́ tọ pákó náà láti orí dé ìdí, ó gbé e sí imú.

"Èéfín," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó dé òkun?"

Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé irọ́ ni màá pa. Kò ṣeé ṣe. "Rárá, Bàbá. Orí ọ̀sà náà ló wà. Kò kúrò ní Àjàṣẹ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. "Kò kúkú jìnnà sílé," ó ní. "Ìyá mi, o kú iṣẹ́. Ibi tí mo ti gé e ni kí ẹ gbé mi lọ."

Ibẹ̀ náà la sin ín sí ní Idigny, a fi pákó náà ṣe ìrọ̀rí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ ẹja yíyan mọ́. Àwọn ọmọ mi rò pé èèwọ̀ ìdílé wa ni, n kò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.