Ọkọ̀ Agolo Sadíìnì àti Ìbàdí-àrán

Ẹ bá mi gbọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìdímù, torí ó ti pẹ́ nínú mi. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, nítorí náà "ọkọ" mi lòun náà. Ogójì ọdún ni mo fi pè é ní Ìbàdí-àrán. Mi ò rí àrán kankan níbẹ̀ ṣá.

Ọmọ ọmọ mi, Mórẹ́nikẹ́, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìbàdí-àrán sọ fún ọmọ mi pé ilé mi ló dákẹ́ jù, kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun ní Ìgàndó. Ọmọ mi sì ń rò ó! Ọmọ tí mo bí!

Ìbàdí-àrán ra ọkọ̀ ìṣeré oníbátìrì kan wá. Ó ń fọn fèrè fúnra rẹ̀, ó ń rìn fúnra rẹ̀. Kí ló wá kù tí ọmọ fẹ́ ṣe? Mórẹ́nikẹ́ jókòó, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìròyìn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó rà á ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó má bàa bàjẹ́.

Ni mo bá mú agolo sadíìnì, mo gé sílípáàsì tó ti já fi ṣe táyà, mo so okùn mọ́ ọn. Kóró àgbálùmọ̀ ni èrò. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní fèrè. Ẹni tó ń wà á ló máa fi ẹnu ṣe gbogbo rẹ̀. Adùn ọkọ̀ ìṣeré nìyẹn, jàre! Lọ́jọ́ kejì, Mórẹ́nikẹ́ ti ń ṣe "vuuu". Èmi, ọ̀gá ilé ìwé àná, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ké "Ó wà o!" bí èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Command. A ó dúró, a ó já kóró kan sílẹ̀, a ó tún gbéra.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, Ìbàdí-àrán àti ọmọ mi wá kó ẹrù ọmọ.

"Ìyàwó, ìdọ̀tí lo fún ọmọ fi ṣeré? Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, tiwọn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò tíì bàjẹ́.

Ó kọjú sí ọmọ mi. "Àbí mi ò sọ fún ẹ? Ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu ọmọ yìí!"

"Ó wà o!"

Mórẹ́nikẹ́ ni! Ó fa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹsẹ̀ Ìbàdí-àrán, ó dúró, ó ń wò ó lójú, ó ń retí kó sọ̀ kalẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba Ìgàndó lọ. Ẹrù ọmọ kò kúrò nílé mi.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le: ọkọ̀ tó bá ń dá gbogbo nǹkan ṣe, kọ́bọ́ọ̀dù ló ni ín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi ṣe ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdí-àrán tẹ́ ẹ sì ń ka èyí, ẹ bá mi kí i.