Lẹ́tà Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Jámánì

Tábìlì iṣẹ́ méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun. Mo ń lo ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sí Jámánì láti fi kún iṣẹ́ káfíńtà tí mo kọ́ ọ, àdéhùn wa ni pé yóò padà wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mi ò kẹ́ ẹ. Ó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ bí ọmọ ẹlòmíràn, "Ọ̀gá" ló sì ń pè mí títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ń wò. Lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù ọmọ mi, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, àlùfáà gbàdúrà fún un, mo sì gbé ayùn lé e lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ se ìrẹsì.

Ọmọ Òkukù ni ìyá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Inisa. Mo ti lé lógún ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́. Òun ni tíṣà wa. Lẹ́yìn tí a fẹ́ra wa, kò sí ìwé kan tí mo kọ tó jáde nílé láìjẹ́ pé ó kà á. Á fi báírò pupa sàmì sí i, á ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ọ̀nà tí ẹ gbà dára, ẹ ò kàn tíì débẹ̀ ni." Ó kú ní ọdún tó ṣáájú èyí tí ọmọ wa lọ.

Nígbà tí ọmọ dé Jámánì, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, á lo ìyókù ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ló sì ń sanwó fún un. Mo ní kó tún un sọ. Níbí, òbí ọmọ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ó ní wọ́n tún ní ìwé kan tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ gbogbo ohun tó ṣe sí, tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí. Wọ́n béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé fíríìdọ́ọ̀mù ló fi hàn wọ́n, èyí tí fọ́tò àwa méjèèjì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ó lẹ́wà.

Ohun tó kù ni kí èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà nípa ẹ̀kọ́ tó kọ́. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa. Tí wọ́n bá ka ọdún mẹ́ta yẹn kún un, ọdún kan péré ló kù, màá padà wálé."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé kò jí ìṣó kan rí. Pé kò gbó mi lẹ́nu rí. Pé nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, á kọ́kọ́ wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ sọ́sípítù. Pé kò sí kọ́sítọ́mà tí kò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mi ò kọ bó ṣe ń fá pákó. Mi ò kọ bó ṣe ń so igi mọ́ igi láìfi ìṣó kàn án. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá béèrè nípa ọmọ iṣẹ́ rẹ, ìwà rẹ̀ ló ń béèrè.

Ó tó oṣù kan kó tó pè. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n ní ènìyàn dáadáa ni òun, ṣùgbọ́n wọn ò rí ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe nínú lẹ́tà náà. Òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.

"Ta ló bá yín kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́?"

Mo ní kò sí.

Lọ́dún yẹn kan náà, mo ń ṣe ilẹ̀kùn ilé kan ní Òkukù. Ọmọ Ìkìrun tó ń gbé Èkó ló ni ilé. Èmi ló gbé ilẹ̀kùn fún, ó gbé àjà fún káfíńtà kan láti Tógò. Mo bi ọkùnrin náà bó ṣe kọ́ṣẹ́. Ó ní bíi tiwa ni, àti ìgbálẹ̀ àti ìgbátí, àfi pé ọ̀gá nìkan kọ́ ló ń dá ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ síbì kan, wọ́n á fún wọn ní igi, àwọn àjèjì á sì dúró máa wò wọ́n.

"Ẹni tí kò bá wá yege ńkọ́?"

"Á padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá á wá máa fi ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà."

A rẹ́rìn-ín. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà sí Ìkìrun, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti ń sọ fún ara mi pé nǹkan òyìnbó ni kí wọ́n máa béèrè ohun tí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé. Ọ̀gá rẹ̀ ní Jámánì gbà á síṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ní kí n má jẹ́ kí ikán jẹ tábìlì òun. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ó pè. Ó ti ní ọmọ iṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo ní kó kà á fún mi. Iye wákàtí tí ọmọ náà fi fá pákó wà níbẹ̀, oríṣi ọ̀nà tó mọ̀ láti fi so igi mọ́ igi wà níbẹ̀.

Mo ní, "O ò sọ bí ìwà rẹ̀ ṣe rí."

"Wọn ò béèrè, Bàámi."

Mo ní ó dára. Mo bi í ìgbà tó ń bọ̀ wálé. Ó ní òun yóò wá kí mi ní Kérésì kan.

Káfíńtà kan ní Inisa ti ń béèrè tábìlì ọmọ mi yẹn lọ́wọ́ mi tipẹ́. Mo pè é lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, kó má fọwọ́ kan àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀.