Ibi Àgọ́ Tó Yẹ Màmá Mi

Iṣẹ́ mi ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá. Tí ẹnìkan bá bi mí ní Peckham, ní London níbí, pé kí ni mò ń ṣe jẹun, tí mo sì dáhùn pé mo máa ń bá àwọn òyìnbó yan ibi tí wọ́n máa pàgọ́ sí nínú aṣálẹ̀ àti lórí òkè ní ilẹ̀ Mòrókò, onítọ̀hún á kọ́kọ́ wò mí tìyanu-tìyanu, á wá béèrè pé, "Ṣé wọn ò nílé ni?" Mo ti ṣíwọ́ jíjiyàn. Èmi gan-an ò tíì sun inú àgọ́ rí láyé mi. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irun. Èmi ni mo máa ń bá àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí ilẹ̀ kan ò lè gba gbogbo èèyàn. Aṣálẹ̀ tẹ́jú, ara á tu orúnkún níbẹ̀, àmọ́ oòrùn rẹ̀ kì í ṣeré, iyanrìn á sì wọ inú ohun gbogbo títí kan búrẹ́dì. Òkè tutù, omi ń ṣàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá jinlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gùn ún jù. Tọkọtaya kan láti East Dulwich fẹ́ aṣálẹ̀, ìyàwó sì fẹ́ omi gbígbóná. Mo bá wọn wá a. Bàbá kan ní Bermondsey jẹ́wọ́ fún mi, pẹ̀lú ìtìjú, pé òun máa ń hanrun. Mo fi àgọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn, jìnnà sí ti àwọn yòókù, ó sì fi káàdì ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi.

Kí n tó tẹ nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà, mo ní ìwé kan tí mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí ní Yorùbá, kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ má baà máa yọjú sí i. Tí mo bá ti béèrè tán, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń kọ sábẹ́ orúkọ oníbàárà àti ibi tó fẹ́ lọ: yẹ, tàbí kò yẹ. Ìwé yẹn ló dá mi lóró.

Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé, nínú àwọn ilé tí wọ́n tún kọ́ síbi tí ẹ́sítéètì North Peckham àtijọ́ wà. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ọmọ Aládùúrà látilẹ̀. Fún wọn, ibi tí a bá pè ní camp, àdúrà ni à ń lọ gbà níbẹ̀. Orí òkè ni èèyàn ti ń bọ́ bàtà bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Aginjù ńkọ́? Inú Bíbélì ló wà. Gbogbo bí mo ṣe ṣàlàyé tó, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọmọ àwọn ń yan ilẹ̀ àdúrà fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì lọ ròyìn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá àgbà kan tí òun àti Mummy jọ ń kọrin dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy ẹ ní ìwọ lo máa ń yan orí òkè fún àwọn èèyàn. Ọmọ mi obìnrin ti pé thirty-six, kò tíì lọ́kọ. Èwo ló dáa fún un, mountain àbí desert?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí àwọn ọkùnrin pọ̀ sí, ma."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mummy ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mò ń fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré.

Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ care ni wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún wọn sì ti bá a lọ. Wọ́n jókòó tì mí nídìí tábìlì ní kíṣìnnì, wọ́n ní, "Yan tèmi náà fún mi."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, àìsàn kan mú mi tí dókítà fi ní kí wọ́n gba kámú. Màmá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí mo bá yè é, àwọn á mú mi gun orí òkè, àwa méjèèjì á bọ́ bàtà, a ó sì dúpẹ́. Mo yè é. Iṣẹ́ shift ò jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ. Ní báyìí, ọmọ àwọn ti wá di ẹni tó ń yan òkè, wọ́n ní Ọlọ́run ló tò ó bẹ́ẹ̀.

"Kò dìgbà tó bá jẹ́ Nigeria," ni wọ́n wí. "Gbogbo òkè, ti Ọlọ́run ni."

Mo mú ìwé mi, mo kọ "Mummy" sókè, mo kọ "orí òkè" tẹ̀ lé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí mo ṣe ń bi oníbàárà.

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Sugar yín?"

"Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀."

"Ẹ máa ní láti wọ bàtà tó nípọn o. Òkúta ibẹ̀ mú, àkéekèé sì wà."

"Bàtà kẹ̀? Lórí òkè?"

"Mummy, ẹ gbọ́ nǹkan tí nurse sọ. Tí ẹsẹ̀ yín bá bó, kò ní jinná. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e ni?"

"Mi ò lè wọ bàtà dúró níwájú Ọlọ́run."

Mo ní ìbínú fùfù, mi ò sẹ́. Iṣẹ́ ti sú mi lọ́jọ́ yẹn, ebi sì ń pa mí. Mo fa ìlà, mo kọ kò yẹ sábẹ́ rẹ̀, mo dìde láti gbé omi kaná.

Èdè òyìnbó ìwé kíkà ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ lẹ́nu màmá mi, ṣùgbọ́n Yorùbá, Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ti fa ìwé náà sọ́dọ̀, ìka wọn sì wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kà á sókè:

"Mummy. Kò yẹ."

"Òkè yẹn ni mo ní kò yẹ yín! Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Abẹ́ orúkọ mi lo kọ ọ́ sí."

Wọ́n pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. "O ti yan ibi fún gbogbo ayé. Èmi nìkan ni mi ò yẹ." Wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Ẹyin lohùn, èyí tí mo sì jẹ́ kó bọ́ yìí, inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí. Wọn ò bi mí léèrè òkè mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ pè wá, ó ní òkè lòun fẹ́. Kò tó wákàtí kan tí mo fi rí ibì kan fún un: ọkọ̀ ń dé ẹ̀bá àgọ́ níbẹ̀, koríko tó rọ̀ tẹ́ ilẹ̀ títí dé etí omi. Ọmọdé ń sáré láìwọ bàtà nínú fọ́tò rẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn títí. Òkè tó yẹ màmá mi wà látọjọ́ tó ti pẹ́, èmi ni mi ò wá a fún wọn bí mo ṣe ń wá a fún àlejò.

Ó yẹ kí n ti sáré lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ìbí wọn, kí òtútù kọ́kọ́ lọ. Mo fi òní dọ́la, mo fi ọ̀la dọ́tùnla. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní January, wọ́n ṣubú ní kíṣìnnì, nídìí tábìlì yẹn. Kí áńbúláǹsì tó dé, ẹ̀mí ti bọ́.

Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ibi ìsìnkú ṣèèyàn. Ó fa fọ́ọ̀mù jáde, ó bi mí bóyá ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo fẹ́ tàbí ibi tó ga. Ṣé kó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà? Ṣé àwọn tó máa wá wò wọ́n ní wàhálà orúnkún? Ohùn rẹ̀ yẹn, ohùn tèmi lórí fóònù ni. Ó ní ibì kan ṣì kù lókè pátápátá, àmọ́ ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrọ̀fọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í fẹ́ ẹ.

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́," ni mo wí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn aláṣọ funfun di ara wọn lọ́wọ́ mú gun òkè náà, wọ́n ń mí hẹlẹ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ pósí Mummy kalẹ̀ tán, mo bọ́ bàtà mi, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo sì dúró sínú ẹrọ̀fọ̀ tútù yẹn. Ẹ̀jẹ́ ní kí àwa méjèèjì dúpẹ́. Mo wá ọpẹ́ títí, mi ò rí i lẹ́nu mi. Ìyá tó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi. Ó fara ti èjìká mi, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa dúpẹ́.

Èmi ò lè ṣe àmín. Mo ń wo ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo yàn fún màmá mi.

"Ẹ yẹ," ni mo ń wí. "Mummy, ẹ yẹ."