Ìdajì Tí Gbogbo Ìlú Gbà Gbọ́: Ìrìn Àjò Mi sí Libreville

Ìràwọ̀ òwúrọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo gbé àpótí mi sẹ́yìn ọkọ̀ Péjò ní Abẹ́òkúta. Ìyàwó mi di ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi bí ẹni tí ń lọ sóko, mo sì gbà á, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ní ìdájí yóò rántí rẹ̀ ní ọ̀sán. Ọdún náà jẹ́ ọdún tí ìlà epo bẹntiróòlù gùn ní ilẹ̀ wa débi pé ojú kì í rí ìparí rẹ̀. Ó sì jẹ́ ọdún tí wọ́n gé sẹ́fà, owó tí àwọn ará Gabon àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ń ná, sí méjì. Àwọn ènìyàn sùn pẹ̀lú odidi, wọ́n jí bá ìdajì.

Ẹ̀rọ ni ó gbé mi dìde nílé. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé àyẹ̀wò oògùn ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, nídìí ẹ̀rọ tí à ń pè ní kíròmátógíráfì. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́: a ó lọ oògùn kúnná, a ó pò ó mọ́ omi, ẹ̀rọ yóò sì ti omi náà gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan kọjá, títí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi ya ara wọn sọ́tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò wá yọ bí òkè lójú kọ̀ǹpútà. Bí òkè bá ṣe tóbi tó ni oògùn náà ṣe pọ̀ tó. Ilé àyẹ̀wò kan ní Libreville ní irú ẹ̀rọ yìí gan-an, ṣùgbọ́n onímọ̀ tí ó máa ń ti Paris wá tún un tò fún wọn kò ṣe é pè mọ́, nítorí pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì láì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi kọ́bọ̀ lé e. Ìgbà náà ni Fúnkẹ́, olórí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀, rántí pé bàbá òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Abẹ́òkúta tí ó mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni mọ ojú.

Jòsáyà ni bàbá rẹ̀. Èmi àti òun jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà nígbà èwe, kí ó tó kó irinṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, tí ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon. Ó ní ọdún díẹ̀ ni òun yóò lò. Òun ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú Libreville, ó dúró nínú ooru pẹ̀lú agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ arúgbó yìí," ó ní, "ṣé irun rẹ ni ó lọ tàbí ìwọ ni o lé e?"

"Mo rán tìrẹ lọ wá a," ni mo dá a lóhùn, a sì dì mọ́ ara wa.

Bí wọ́n ṣe ń wọ takisí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ní ilé, a ó dá ọkọ̀ dúró kí a tó bá awakọ̀ jiyàn. Ní Libreville, ẹni tí ń lọ ni yóò dúró létí títì, tí yóò kígbe ibi tí ó ń lọ àti iye tí yóò san. Awakọ̀ tí ó bá gbà yóò fọn fèrè. Ẹni tí kò bá gbà yóò kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Jòsáyà kígbe pé, "Kalikak, ẹgbẹ̀rún kan!" Mẹ́ta kọjá lára wa.

"Kó tó di ọdún tuntun, ìdajì èyí là ń san," ó sọ fún mi. "Mo wá pè é ní odindi ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ń wò mí bí alágbe."

Ìkẹrin fọn fèrè. Ó gba ọ̀nà etíkun kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wọlé láti ojú fèrèsé pẹ̀lú òórùn iyọ̀ àti igi gẹdú tútù. Bí mo bá pa ojú mi dé lónìí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn náà. A kọjá ní Glass, àdúgbò òwò àtijọ́ tí ilé àyẹ̀wò náà wà, kí a tó dé Kalikak, níbi tí àwọn ilé kéékèèké àti ṣọ́ọ̀bù ti fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá.

Ìyàwó Jòsáyà gbé ọbẹ̀ òdíkà fún wa. Èso àpọ̀n tiwa náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń yan án, wọ́n ń mọ ọ́n bí ìṣù ọṣẹ dúdú, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti kòkó. Bàtọ́ọ̀nù ni a fi jẹ ẹ́, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún, tí wọ́n fi ewé wé gbọọrọ, tí wọ́n sì sè. Ó le ju fùfú wa lọ. Eyín mi mọ ìyàtọ̀.

Fúnkẹ́ wọlé nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Tọ́ńtọ́n, ẹ káàbọ̀."

"Ta ni tọ́ńtọ́n?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Bàbá ni kí o pè é."

"Pàpá, tọ́ńtọ́n ni a ń pe ọ̀rẹ́ bàbá ẹni nílẹ̀ yìí."

"Ilẹ̀ yìí kọ́ ni ó bí i."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pè mí. Láti ìgbà tí owó ti já, gbogbo kùíníìnì, oògùn ibà, tí ilé ìkóoògùn ìlú ń rà wọlé ni òun ti yẹ̀ wò, ìdajì oògùn ni ó sì ń bá nínú wọn. Òun ti fọwọ́ sí ìwé pé ayédèrú ni wọ́n. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sun wọ́n níná. Ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa ṣírò iye tí ó kù díẹ̀ káàtó fúnra rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó oògùn ìlú lè rí i kà.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni mo bi í.

"Tọ́ńtọ́n, búrẹ́dì ti di ìdajì. Owó oṣù ti di ìdajì. Kí ló dé tí kùíníìnì kò ní di ìdajì? Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Ìbẹ̀rù tí ó wà nílé náà ni pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, ibà sì ti wà nílé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sun èyí tí ó wà nílẹ̀, kò sí owó tí wọn yóò fi ra òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà ní Glass. Ẹni tí ó ṣe ètò inú irú ẹ̀rọ yìí fi àyè sílẹ̀ fún olúwarẹ̀ láti dá ààyè ìṣírò tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Faransé ń pe irú ààyè bẹ́ẹ̀ ní ṣáǹ, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe oko. A ó fún un lórúkọ, a ó sọ bóyá nọ́ńbà ni yóò wọ inú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀, a ó sì sọ ibi tí nọ́ńbà náà yóò ti wá: bóyá ọwọ́ ni a ó fi tẹ̀ ẹ́, tàbí ẹ̀rọ ni yóò ṣírò rẹ̀ láti ara òkè ojú kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ìṣírò tí ará Paris ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dára, ó mọ́ tónítóní. Ní òpin rẹ̀, ó pín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

"Kí ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yìí?"

"Agbára tábúlẹ́ẹ̀tì kan," ni Fúnkẹ́ sọ. "Mílígíráàmù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kùíníìnì wa."

Mo fẹ́ rí páálí oògùn náà. Ó ní kò sí. Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n ń yọ oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àmì nìkan ni wọ́n ń fi sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ojúsàájú fún oníṣòwò kankan. Àṣà rere ni. Mo yìn ín, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Jòsáyà jókòó sídìí tíì pẹ̀lú ibà díẹ̀ lára. Ó da tábúlẹ́ẹ̀tì méjì sí àtẹ́lẹwọ́.

"Méjì kẹ̀?" ni mo wí. "Ẹyọ kan ni kùíníìnì."

"Ẹyọ kan ni tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní méjì ni báyìí. Dẹfalúásíọ̀n, owó gígé yìí, ti wọ inú oògùn." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó gbé wọn mì.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ ara èyí tí wọ́n tà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù. Àádọ́talénígba ni wọ́n kọ sí i, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Nígbà tí mo fi han Fúnkẹ́, ó jókòó. Mo fi gaàrí ṣàpèjúwe fún un, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń tà á. "Bí ẹni tí ń ta gaàrí bá yí kóńgò ńlá padà sí kékeré, tí ó sì sọ fún ayé pé kékeré ni, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwọ tí o ṣì ń fi kóńgò ńlá ka owó rẹ̀ ni yóò máa pè é ní olè." Ilé ìkóoògùn kò lówó láti ra ti àtijọ́ mọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré ni wọ́n ń rà, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ sára páálí. Ìṣírò Paris nìkan ni kò gbọ́.

Ọ̀gá àgbà ilé àyẹ̀wò náà, ará Gabon tí ó ní sùúrù níwọ̀nba, dá àbá kan. "Ó rọrùn, Pàpá. Ẹ sọ gbogbo èsì di ìlọ́po méjì."

"Rárá, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí páálí kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀."

Mo dá ààyè tuntun kan sílẹ̀ tí a ó máa fi ọwọ́ tẹ agbára tí wọ́n kọ sára páálí sí, mo sì yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kúrò nínú ìṣírò, mo fi ààyè náà rọ́pò rẹ̀. A kò tún lọ oògùn kankan. Àwọn òkè àtijọ́ náà ni a tún ṣírò. Akọ̀wé ilé ìkóoògùn mú páálí wá, ó ń ka nọ́ńbà, Fúnkẹ́ ń tẹ̀ ẹ́. Àádọ́talénígba: oògùn pé. Òmíràn: ó pé. Òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti ara ẹrù oníṣòwò kan. Ìdajì ni èsì tirẹ̀, kò yí padà. Ayédèrú ni, láàárín àwọn tí a purọ́ mọ́. Bí a bá ti sọ gbogbo wọn di ìlọ́po méjì, òun náà ìbá bá wọn jáde lọ bá àwọn ọmọ aláìsàn.

Ọ̀gá àgbà fa ìwé kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "A ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ni ó ṣàṣìṣe," ó wí.

"Ẹ̀rọ kò fọwọ́ sí ìwé," ni Fúnkẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ó fagi lé gbogbo ìwé rẹ̀ àfi ẹyọ kan. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹrù oníṣòwò kan ṣoṣo ni wọ́n sun, wọ́n sì gba àṣẹ ìfọwọ́síwèé lọ́wọ́ Fúnkẹ́ títí di ìgbà tí wọn kò dá. Nídìí oúnjẹ lálẹ́ náà, Jòsáyà bu ẹran tirẹ̀ sínú àwo ọmọ rẹ̀, bí ìgbà tí ó wà ní kékeré. Ọ̀rẹ́ mi ti sùn sínú ilẹ̀ Gabon báyìí. Ọdún díẹ̀ tí ó lọ lò gùn jù ú lọ.

Ohun tí mo kó bọ̀ láti Libreville ni pé nígbà tí ìyà bá kárí ìlú, a kì í wọn ìròyìn burúkú wò mọ́. Ó ti jọ ohun tí a ń retí, a ó sì gbà á wọlé bí àlejò tí a mọ̀.

Nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Jòsáyà obìnrin ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé ibi tí wọ́n ti gba kálàmù lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán.

"Kùíníìnì náà ńkọ́?" ó bèèrè. "Ṣé àwọn ọmọ rí i lò?"

"Wọ́n rí i lò, ìyá."

"Ó tán," ó ní, ó sì mú ẹ̀gúsí mìíràn.