Ìdí Tí Màmá Fi Ń Gbálẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Níbi ìsìnkú màmá mi àgbà, pásítọ̀ dìde, ó ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run yìí fi gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo jókòó síwájú pátápátá ò pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé pásítọ̀ purọ́ o. Kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni, ó wá ń yin ohun tó ń pa wá lẹ́kún nílé.

Alágbàfọ̀ ni Màmá. Aṣọ ilé ìwòsàn ìlú wa ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì ń lọ̀. Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́: tábìlì gígùn kan tí a tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé, áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì, kí ọ̀kan máa gbóná nígbà tí èkejì bá wà lọ́wọ́, àti okùn tí a ta láti ògiri dé ògiri. Màmá máa ń fi àgbọ̀n di etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì mú, kí o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ká a tán. Bí wọ́n bá sì ti ká a, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á gbàdúrà fún ẹni tí yóò sùn lé e, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Mo bá wọn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Mi ò rí èyí tí wọn ò gbàdúrà sí.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni, láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á ti gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn dé iwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Òjò ni o, oòrùn ni o. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ wọn, wọ́n kọ́kọ́ lọ gbálẹ̀ ná. Ọdún tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rọ́, ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ láti àga dé àga. Nígbà tó yá, ìjọ gba ọkùnrin kan tí yóò máa tún ibẹ̀ ṣe. Bí ọkùnrin náà bá gbá a tán, Màmá á tún un gbá. Ó lọ fẹjọ́ sun pásítọ̀: "Ẹ bá mi bi Màmá yìí o, ṣé mi ò mọ ilẹ̀ gbá ni?" Kò lo oṣù mẹ́ta tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi náà máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀.

Ẹni tó là mí lóye ni Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Mo gbé aṣọ ilé ìwé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún títúnṣe, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe é kíá, torí èmi àti Màmá jọ ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Bọ̀ọ̀dá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn? Jókòó."

Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, gìrì mú un. Ṣọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ilé ju ilé ìwòsàn lọ, ibẹ̀ ni Màmá gbé e sá lọ, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ilẹ̀ náà dọ̀tí, yanrìn lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Màmá kígbe pé, "Ọlọ́run, bí ọmọ yìí bá yè, èmi ni n ó máa gbá ilẹ̀ rẹ yìí lójoojúmọ́ ayé mi. Ọjọ́ tí mo bá pa á jẹ, wá gba ọmọ rẹ." Ọmọ náà sì yè.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ká ní ibi ìlérí ni Màmá ti dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá dùn. Gbólóhùn tí wọ́n fi kún un yẹn ló dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìyá mi wà nílé ọkọ, ní ìlú tó jìn tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko, èmi ni wọ́n sì fẹ́ bí. Bọ̀ọ̀dá ló wá jíṣẹ́ fún Màmá. Wọ́n bá Màmá nídìí tábìlì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Màmá, láti àná ló ti ń rọbí. Kò rọrùn fún un rárá. Ẹ̀yin ló ń pè."

"Bí mo bá bá ẹ lọ, ilẹ̀ ti ọ̀la ńkọ́?"

"Èmi á gbá a. Ìyàwó mi á gbá a. Gbogbo ìjọ á gbá a!"

"Ẹnu yín kọ́ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́. Bí mo bá lọ ni yóò kú. Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ pa á ni?"

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀ wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bínú, ó ti o. Àwọn nìkan ló padà. Ní ọjọ́ kẹta ìrọbí náà, mo dé, ìyá mi lọ. Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n gbé wá fún Màmá tọ́ nìyẹn.

"'Màmá mi dà?' ló ń wí ṣáá," Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi. "Ó pè wọ́n títí èémí fi tán lẹ́nu ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò tíì bi mí léèrè rí pé kí ni àbúrò mi sọ."

Mo sáré délé. Màmá ti múra, Bíbélì wà lábíyá.

"Màmá, ẹ̀jẹ́ yín ò gbà á là! Kí lẹ ṣì ń gbá?"

Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fọwọ́ tẹ́ etí aṣọ wọn. "Ẹ̀bi mi ni," wọ́n ní. "Lọ́sẹ̀ yẹn, òjò wọlé sí igun tí dùùrù wà. Mo ní kó gbẹ ná. Ọjọ́ méjì ni mi ò gbá igun yẹn. Ọlọ́run rí i." Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ìwọ lo kù mí kù. Mi ò ní í fi igun kankan sílẹ̀ mọ́."

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Láti ọjọ́ yẹn, bí orí bá fọ́ mi, mi ò ní í wí, torí bí mo bá wí, Màmá á padà lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì gbá. Ẹrù ni kéèyàn mọ̀ pé ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ ra ẹ̀mí òun lójoojúmọ́.

Mo kúrò nílùú. Mo ríṣẹ́ ní póòsù ọ́fíìsì ìlú ńlá, mo lọ́kọ, mo lóyún. Nígbà tó ku oṣù kan, mo pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ wà lọ́dọ̀ mi tí mo bá ń bímọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Bí ẹ ò bá wá, ẹ máa rántí pé mo pè yín, bí ìyá mi ṣe pè yín."

Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Mo mọ̀ pé ó burú kí n tó la ẹnu, mo sì sọ ọ́.

"Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá wá, o lè kú?"

"Mi ò ní í kú, Màmá. Ilẹ̀ lásán lẹ ń gbá."

Wọ́n wá. Láàárọ̀ tí ọkọ mi pè wọ́n pé ìrọbí ti dé, wọ́n gbálẹ̀ tán, wọ́n bọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, bàtà ẹsẹ̀ wọn ò bára mu. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá ìbímọ, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bi mí pé, "Ṣé ara ìyá tó wà níta yìí yá? Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde ni wọ́n ń bi mí bóyá ẹ ṣì ń mí."

Lọ́wọ́ ọ̀sán, mo bí obìnrin. Igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé. Wọ́n jẹ́ kí Màmá wọlé. Màmá fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n fọwọ́ kan apá mi, wọ́n gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú bóyá ó gbóná. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí níbi ìdíje.

"Màmá, ẹ wò mí! Ẹ ò gbálẹ̀ lónìí, mi ò sì kú. Ọmọ rèé."

Wọ́n gba ọmọ. Inú wọn dùn, mo fojú mi rí i. Wọ́n ní, "Ọlọ́run, o ṣeun." Lẹ́yìn náà, ojú wọn yí padà, wọ́n sì jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi.

"Á jẹ́ pé mo lè lọ nígbà náà," wọ́n ní.

"Ẹ lè lọ síbo, Màmá? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ọjọ́ tí ìyá rẹ pè mí ni mo ń wí. Mo lè lọ. Kò sí nǹkan kan tí ì bá ṣẹlẹ̀."

Mi ò tíì rí Màmá kí wọ́n sunkún rí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Nọ́ọ̀sì wá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí wọ́n á ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ náà ò mú ẹnikẹ́ni. Mi ò rò ó pé òun nìkan ni ìdí tí wọ́n ní fún jíjókòó sílé lọ́jọ́ tí ìyá mi pè wọ́n. Mo gba ẹ̀jẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, mi ò sì ní ohunkóhun láti fi dípò rẹ̀. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Màmá ò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Pásítọ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ṣì ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á jókòó sí àga ẹ̀yìn, wọn ò ní í bá ìjọ kọrin. Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, èmi ni mo sì sìn wọ́n débẹ̀. Ẹrù wọn ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi bi Bọ̀ọ̀dá pé, "Kí ni àbúrò rẹ sọ? Ṣé ó pè mí pẹ́?"

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bọ̀ọ̀dá ti ń fi ìbínú dúró de ìbéèrè yìí. Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Kò pẹ́, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè yín, ó sì sùn lọ."

"Ó sùn lọ?"

"Ó sùn lọ, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bi í. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò sí i láyé, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bi Bọ̀ọ̀dá léèrè, ojoojúmọ́ ni Bọ̀ọ̀dá ń purọ́ kan náà fún wọn, a ò sì mọ̀ títí wọ́n fi kú bóyá wọ́n gbà á gbọ́.