Abẹ́rẹ́ Tí Tọ̀yìbátù Kò Gbà

Àwọn kan wà láyé yìí tí ara wọn á wà lọ́dọ̀ ẹni, tí ọkàn wọn á sì ti rékọjá odò. Irú wọn ni Tọ̀yìbátù, ìyàwó Sùlàímọ́nù télọ̀, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Agbálátà ní Àgbádárìgì. Ìkógà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán an lọ pọn omi, ẹni tó rán an lè rò pé inú òkun ló gbà lọ. Á jókòó sétí omi, á máa wo kùrukùru bó ṣe ń gbéra lórí ọ̀sà. Bí wọ́n bá wá bi í pé kí ló dá a dúró, á ní òun rí ọkọ̀ kan tó kún fún àwọn obìnrin aláṣọ funfun, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tukọ̀, síbẹ̀ tí ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ á bú u dáadáa. Nígbà tó bá sì bú u tán, á bi í pé, "Ibo ni wọ́n wá ń lọ?"

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní òpùrọ́ o. Òpùrọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ti Tọ̀yìbátù yàtọ̀: bó bá ti ro nǹkan títí tó rí àwọ̀ rẹ̀, tó gbọ́ òórùn rẹ̀, ohun náà ti ṣẹlẹ̀ lójú tirẹ̀ nìyẹn, ẹ má bá a jà sí i.

Nígbà tí Sùlàímọ́nù gbé e wọlé, Àmínátù ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà lára rẹ̀. Àgbà obìnrin náà ti sin ọmọ mẹ́rin, kò sì fẹ́ ariwo mọ́. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni pé lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í lórí ẹní, kó ròyìn ọ̀nà Àjàṣẹ́ fún un. Ìlú Àjàṣẹ́ yìí, ní ilẹ̀ Dàhòmì, ni Tọ̀yìbátù ti máa ń ra abọ́ tó ń tà. Orí ọ̀sà ni wọ́n ń gbà lọ, nínú ọkọ̀ ojú omi Sewanu, ọmọ Ògù kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Àmínátù á di ojú rẹ̀, á ní, "Ẹsẹ̀ mi ò lè débẹ̀ mọ́. Ìwọ lo máa bá mi rìn ín." Tọ̀yìbátù á sì bá a rìn ín, pẹ̀lú ẹyẹ tó rí àti èyí tí kò rí. Mélòó nínú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́? Ta ló ń bèèrè? Inú àwọn méjèèjì ń dùn.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí mọ́tò fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ni àrùn onígbáméjì dé. Owó epo ti ń wọ Èkó nígbà náà, ilé tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ti ní in, rédíò ọ̀hún ló sì ń sọ láràárọ̀ pé àrùn náà ti ń rìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn káàkiri ayé, pé ó ti gúnlẹ̀ sétí òkun wa. Bó bá mú èèyàn láàárọ̀, á máa bì, á máa ṣu omi, nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ti jìn wọnú.

Àwọn aṣọ́bodè Dàhòmì wá ní ẹni tí kò bá ní yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé pélébé tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àrùn náà, kò ní kọjá. Ìwé kẹ̀? Èyí kò le fún oníṣòwò ibodè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ohun tí aṣọ́bodè bá ní òun fẹ́ rí, ẹnì kan á wà nítòsí tó ń tà á. Ọkùnrin kan sì wà lábẹ́ igi àgbọn ní èbúté, tó ní káàdì, tó ní òǹtẹ̀. O sọ orúkọ rẹ, ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀, ó parí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú. Tọ̀yìbátù ra tirẹ̀ bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rà á. Kò sì sí èyí tó rò nínú wọn pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹran ara òun. Ibodè ló kàn, lójú tiwọn.

Sewanu dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí Tọ̀yìbátù wọkọ̀ padà, Sewanu rẹ́rìn-ín. "Nọvi ṣie," ó wí, èyí tí àwọn Ògù fi ń pe ọmọ ìyá ẹni, "ṣé kò dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí rárá," ni Tọ̀yìbátù dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi kúrò ní èbúté.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí Agbálátà. Gbọ́lágadé wolé-wolé, tí gbogbo ìyàwó ilé ń bẹ̀rù nítorí ojú tó fi ń wo ìkòkò omi, ló ń lu agogo yí ọjà ká. "Ẹ se omi yín kó hó kí ẹ tó mu ún! Ẹ bo oúnjẹ mọ́lẹ̀! Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun! Ẹ wá gba abẹ́rẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni o! Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà wá gba èkejì!" Àwọn èèyàn gbọ́ ọ. Wọ́n dúró sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo tábìlì àti nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀.

Gbọ́lágadé dé ìsọ̀ Tọ̀yìbátù. "Ìyá alábọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáájú wọn."

Tọ̀yìbátù kò fẹ́ kí wọ́n gún òun. Ó yọ káàdì rẹ̀ jáde. Gbọ́lágadé gbà á, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù, ó gbé káàdì náà sókè. "Ẹ wò ó! Tiyín ti gbà á, nǹkan kan ò ṣe é! Ìyá alábọ́, ẹ sọ fún wọn, báwo ló ṣe rí?"

Ìyá Àmínátù náà wà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ká ní Tọ̀yìbátù lè pa ẹnu mọ́ ni! Àwọn àgbà ní àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ojú gbogbo ọjà wà lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti gbéra.

"Ó tutù," ó wí. "Bí ìgbà tí ìrì bá kán síni lápá láàárọ̀. Kí n tó yí ojú padà, nọ́ọ̀sì ti ṣe tán. Oorun díẹ̀ wá kùn mí, mo sì rí òkun nínú rẹ̀, òkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ń rìn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì tutù."

Àwọn obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ìyá Àmínátù ló kọ́kọ́ kúrò lójú kan. "Ohun tí ìyàwó mi bá gbà, èmi náà á gbà á," ó wí, ó sì na apá. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ìlà ti gùn dé ìdí ọkọ̀ létí ọ̀sà. Gbọ́lágadé fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jó. Tọ̀yìbátù pàápàá, bó ṣe ń wò wọ́n, ó ń ṣe é bíi pé ìrì náà ń kán sí òun lápá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, apá Ìyá Àmínátù wú, ibà sì dé. Wolé-wolé ti sọ ọ́ nídìí tábìlì, pé apá lè wú, pé ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àmọ́ ta ló ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ti òkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ? Àwọn obìnrin ń wá sílé télọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbá apá mú. "Tọ̀yìbá, irú ìrì wo nìyí?" Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ oríṣi méjì ló wà nínú àpótí yẹn: èyí tó tutù fún olóríire, èyí tó gbóná fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tí ti ìyá alábọ́ kò fi dùn ún?

Ibà Ìyá Àmínátù lọ, àmọ́ ohun kan lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kò bèèrè ọ̀nà Àjàṣẹ́ mọ́. Ó yọ aṣọ funfun tó fi pamọ́ de ọjọ́ ikú rẹ̀ látinú àpótí, ó sá a sóòrùn, ó tún ká a padà. "Èyí tó gbóná ni wọ́n fún mi," ó wí. "Kí ni mo tún fẹ́ lọ fi èkejì ṣe?"

Tọ̀yìbátù mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo lòun máa sọ tí ẹ̀rù Ìyá á fi lọ: pé òun kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, wọ́n á gba káàdì, ọ̀nà Àjàṣẹ́ á dí. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Ẹ̀rù ń bà á pé Ìyá á wo ẹ̀yìn wò, á sì rí i pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti jókòó pọ̀ ti di òfo. Ó fẹ́ràn obìnrin náà ju ìyá tó bí i lọ. Nítorí náà, ó dákẹ́, ọjọ́ sì ń lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gba èkejì, Sewanu kò wá sí èbúté. Onígbáméjì ti mú un. Tọ̀yìbátù sáré lọ sí ọsibítù, ó bá a lórí ibùsùn, ara rẹ̀ ti joro, omi iyọ̀ ń kán wọ apá rẹ̀ látinú ìgò. Dókítà ní yóò yè, pé díẹ̀ ló kù kó kú.

"Ṣebí o gba abẹ́rẹ́?" ni Tọ̀yìbátù bi í.

Sewanu mi orí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn kò jáde dáadáa ni. "Èmi ò gbà á. Àwọn tó kù gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, wọ́n lọ. Èmi ni mo rí ẹ nídìí igi àgbọn. Mo ní, bí nǹkan yẹn bá dára, kí ló dé tí ìwọ fi sá fún un?"

Ẹsẹ̀ ni Tọ̀yìbátù fi rìn padà, létí ọ̀sà. Kùrukùru wà lórí omi bó ṣe máa ń wà, àwọn ewé àgbọn ń mì. Ó wò ó, ó wò ó. Omi ló rí. Kò rí nǹkan mìíràn, ó sì sunkún dé ilé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, mi ò gba abẹ́rẹ́ kankan. Mo ra káàdì yẹn ni."

"Ìrì tó o sọ ńkọ́?"

"Mo rò ó ni, Ìyá."

"Òkun ńkọ́?"

"Mo rò ó ni. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá Àmínátù fọwọ́ pa apá tí wọ́n ti gún un. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tí Tọ̀yìbátù ń retí kọ́ ló sọ. "Ṣé bó ṣe dùn mí yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dun gbogbo ẹni tó gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Wolé-wolé ti sọ ọ́. Ó ní ara ló ń kọ́ ìjà. Oríṣi kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí."

Omi bọ́ lójú àgbà obìnrin náà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kú, Tọ̀yìbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dágbére fún yín nínú ọkàn mi. O jókòó tì mí, o ń wò mí." Kò dárí jì í lọ́jọ́ náà, ká má parọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní kó lọ wá nǹkan se.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kejì, èèyàn kún Agbálátà, àmọ́ iwájú tábìlì nọ́ọ̀sì ṣófo. Tọ̀yìbátù kọjá láàárín wọn, ó fi káàdì lé Gbọ́lágadé lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú ọjà: igi àgbọn, òǹtẹ̀, ìrì tí kò sí. Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan pè é ní orúkọ tí kò ṣeé kọ síbí. Gbọ́lágadé wo káàdì náà, ó ya á sí méjì, ó ní kò ní í kọjá ibodè títí yóò fi gba méjèèjì tirẹ̀ pé. Tọ̀yìbátù ní òun gbọ́. Ó jókòó, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

Abẹ́rẹ́ wọlé. "Yéè! Mo gbé o!" Igbe náà dé ìdí ọkọ̀. Àwọn tó ń pòṣé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì ní àánú nínú. Omijé ń dà lójú Tọ̀yìbátù, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì rí nǹkan kan fi ṣe é lẹ́wà.

Ìyá Àmínátù ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó dé. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó gbé ojú náà sókè, ó wò ó fínnífínní. Lẹ́yìn náà ló yí i sí àwọn obìnrin ọjà.

"Ẹ wo ojú rẹ̀," ó wí. "Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀kan náà ni wọ́n fún wa." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Tọ̀yìbátù mú, ó sì jókòó síwájú nọ́ọ̀sì.