Ìyàwó Wa ní Sharjah

Òórùn táyà àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wa ti wọ Sharjah. Ọdún tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ilé gogoro tì láìparí, òórùn yẹn gbà mí nímú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú mi sì ń dùn bíi ti ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Àwọn ìyá ìjọ wa ti rí ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí wọ́n fẹ́ máa fi gba àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ ọkọ wọn. Aboyún kan tí oṣù rẹ̀ ti pé ni yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gba ọkọ rẹ̀ ti kógbá sílé, wọ́n sì ní kí obìnrin náà kó jáde nínú yàrá wọn lọ́jọ́ kejì. Ọkọ ti ríṣẹ́ ní Abu Dhabi, ṣùgbọ́n àgọ́ òṣìṣẹ́ ló ń sùn, obìnrin kì í wọ ibẹ̀.

Onílé, bàbá Árábù kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò àlòkù, ní ẹlẹ́bí nìkan lòun ń fún nílé, òun kì í gba àpọ́n. Nítorí pé èmi ló dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ìjọ, wọ́n ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà ìjọ àti onígbàjámọ̀ kan tẹ̀ lé èmi àti aboyún náà. Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Inú Yorùbá ni mo ti ń tú Gẹ̀ẹ́sì mi. Bàbá nawọ́ sí aboyún, ó béèrè ẹni tó jẹ́ sí mi.

Mo ní, “Ìyàwó wa ni.”

Ó wò mí, ó wo àwọn méjì tó kù. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

Onígbàjámọ̀ rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Ó ní àwa nìkan kọ́, gbogbo ìjọ ni.

“Khalas,” ni bàbá wí, pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà sápò.

Aboyún náà ló sún mọ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ikùn mú. Ó tẹ́ ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú bàbá.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ kan ni mo ní. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ẹbí ọkọ ló ń pe ènìyàn ní ìyàwó, torí bí ebi bá pa mí, gbogbo wọn lojú yóò tì.”

Bàbá ka ìwé náà, ó wò wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Aboyún náà ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, kì í ṣe àwa. Ó ní, “Yalla,” pé ó yá, kí a máa kó wọlé.

Eré la sá gbé bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn. Dírẹ́bà ń ké láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀gbọ́n, Gẹ̀ẹ́sì yín ì bá gbé wa dé àgọ́ ọlọ́pàá.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá ìjọ ti ń dín àlùbọ́sà, òórùn ọ́ìlì sì ti pòórá.

Ìyàwó tèmi ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà. “Ìyàwó wa” ni gbogbo agbo ilé ń pè é, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá a wọlẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, onílé gbé dàbínù wá. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fi Yorùbá wíwọ́ tó kọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ìjọ bi mí pé, “Ìyàwó wa ńkọ́?”

Mo ní, “Ó wà. Ó ti bímọ fún wa.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí nílùú yìí bóyá ẹlẹ́bí ni mí tàbí àpọ́n, n kì í ronú kí n tó dáhùn.